Kíka Ẹja ní Ẹ̀pẹ́, àti Ọkọ̀ Tí Kò Dé Èbúté

Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́ pé iṣẹ́ dátà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, wọn a ní, "Alhaja, ẹ bá wa fi díẹ̀ sórí fóònù." Mo ti ṣàlàyé títí, ó ti sú mi. Kì í ṣe dátà tí ẹ fi ń wo fídíò ni mò ń wí. Èyí tí mò ń wí ni kí ènìyàn lọ sí èbúté, kí ó wọn ẹja, kí ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, lẹ́yìn náà kí ó kó gbogbo rẹ̀ jọ kí ó sì bi í pé, "Kí lo ń sọ gan-an?" Iṣẹ́ ayé mi nìyẹn. Sùlíyá, ọmọ ọmọ mi, òun ló ní kí n kọ ọ́ nítorí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ro iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́.

Ràfíátù lorúkọ mi. Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni wá, àwọn tí baba ńlá wọn kó wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà ogun. Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú, orí wàláà ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àmì kékeré kan lè sọ ọ̀rọ̀ di òmíràn. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn: ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja ń wá ẹni tó mọ ìṣirò, tí òórùn ẹja kò sì lè lé sá. Owó oṣù rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ó tó jẹ, kò tó yangàn.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀ ni Ọ̀gá Odùsànyà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀. Kì í pariwo. Ohun tó ń já mi láyà lára rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọn ẹja, ó wá dúró lẹ́yìn mi.

"Kí lo wọ̀n?"

"Ẹja ni, sà. Òbòkún."

"Gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn sókè."

Mo gbé e. Omi ń kán tótó láti ìdí rẹ̀.

"Ẹja ni mo ní kí o wọ̀n," ó ní. "N ò ní kí o wọn ọ̀sà."

Ó ní kí n da ẹja náà sílẹ̀, kí n jẹ́ kí omi rẹ̀ ro, kí n fi aṣọ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó tún wọ̀n wọ́n. Obìnrin tó ni ẹja náà pariwo pé oòrùn fẹ́ ba ọjà òun jẹ́. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ bẹ obìnrin náà. Èmi tí mò ń làágùn, kò wò mí.

Nígbà tó yá, ó rí i pé mo ní àwọn tí mo fẹ́ràn láti máa wọn ẹja wọn. Àwọn tó bá rẹ́rìn-ín sí mi ni, àwọn tí ọkọ̀ wọn ń gúnlẹ̀ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ níbi tí ibòji wà. Ọ̀gá Odùsànyà wò mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó wá ka ohun tí mo kọ.

"Ràfíátù, ṣé gbogbo apẹja Ẹ̀pẹ́ ló ń pa ẹja ńlá báyìí?"

Inú mi dùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹja wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí."

"Ẹja kò wọ̀. Ìwọ lo wọ abẹ́ igi. Ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì ló ń tètè dé, òun ló ń gba ibòji. Àwọn tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ wà lọ́hùn-ún nínú oòrùn. Ṣé àwọn kì í ṣe ènìyàn ni?"

Láti ọjọ́ náà, ó kọ́ mi pé kí n máa ka ọkọ̀ bí wọ́n bá ṣe ń gúnlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, kí n sì wọn ẹja ọkọ̀ tó bá ṣe ìkarùn-ún, ẹnikẹ́ni tí kíkà náà bá bọ́ sí. Bí ó bá bọ́ sórí ọ̀rẹ́ mi, ó dáa. Bí ó bá bọ́ sórí ẹni tó ń bú ìyá mi, òun náà ni n ó wọ̀n, n ó sì kí i dáadáa kí n tó gbé òṣùwọ̀n síwájú rẹ̀. Ìkíni ṣe pàtàkì lójú Ọ̀gá Odùsànyà ju òṣùwọ̀n lọ. Ó ní ẹni tí a kò bá kí máa fi ẹja pa mọ́.

Èyí tó mú mi sunkún ni ti ọjọ́ òjò kan. Ọkọ̀ kankan kò dé èbúté, mo wá kọ òdo síbi tó yẹ kí n kọ ìwọ̀n ẹja sí.

"Ta ló sọ fún ọ pé kò sí ẹja lónìí?"

"Ọkọ̀ kankan ò dé, sà."

"Ṣé o wọ inú omi lọ wò ó? Àìrí kì í ṣe àìsí. Òdo túmọ̀ sí pé mo wò, n ò rí. Àlàfo túmọ̀ sí pé n ò wò. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀, irọ́ ló ń pa, bí kò tilẹ̀ mọ̀."

Mo lọ sẹ́yìn ọ́fíìsì, mo sunkún. Mo délé, mo sọ fún ìyá mi pé n kò lọ mọ́, pé ọkùnrin náà kórìíra mi. Ìyá mi ní, "Ẹni tó kórìíra rẹ máa jẹ́ kí o kọ òdo náà ni. Lọ sùn." Mo lọ sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ síbi iṣẹ́.

Báyìí ni mo ṣe kọ́ṣẹ́. Òṣùwọ̀n onírin tí à ń fi ìkọ́ gbé kọ́ ni a kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tó ṣe, òṣùwọ̀n oníbátìrì dé. A ń fi ọwọ́ ṣe ìṣirò wa, títí wọ́n fi fún wa ní ẹ̀rọ ìṣirò kan tó ń tú bébà gígùn jáde bí ẹni ń tú okùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà dé, a sì fi aṣọ bò ó bí ìyàwó tuntun nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ọ̀gá Odùsànyà fẹ̀yìn tì kó tó fọwọ́ kàn án. Ó ti di olóògbé báyìí. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Mo kọ́ kọ̀ǹpútà náà díẹ̀díẹ̀, mo ń to nọ́ńbà sínú àpótí kéékèèké orí rẹ̀, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Ìgbà náà ni Tèmítọ́pẹ́ dé.

Ó kéré sí àbígbẹ̀yìn mi, òun sì ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá mi. Ọmọbìnrin Ìlàjẹ ni. Bàbá rẹ̀ ló kó wọn wá láti etí òkun ìpínlẹ̀ Òǹdó, wọ́n tẹ̀dó sí abúlé kékeré kan lójú kejì ọ̀sà sí Ejìnrìn, níbi tí wọ́n ti ń pẹja. Òun alára ń gbé ní Ìpakodò ní Ìkòròdú, ó sì ń gba ọ̀nà Ìmọ̀ta wá síbi iṣẹ́. Ó ti ka sitatísíìsì, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìṣirò dátà, dójú àmì ní yunifásítì. Ó ń pè mí ní Màmá, èmi ń pè é ní Ọ̀gá mi, a sì jọ ń fi "ẹ" bá ara wa sọ̀rọ̀ bí àna méjì.

Lọ́jọ́ kan, ó rí mi níbi tí mo ti ń tún nọ́ńbà kan ṣe lórí kọ̀ǹpútà.

"Màmá, kí lẹ ṣe síbẹ̀ yẹn?"

"Mo tún un ṣe ni. Wọ́n ṣì í kọ."

"Ta ló máa mọ̀ pé ẹ tún un ṣe?"

"Èmi kúkú mọ̀."

"Lọ́jọ́ tí ẹ ò bá sí níbí mọ́ ńkọ́?" Ó fa àga jókòó. "Ẹ má fi ọwọ́ yí i padà mọ́. Ẹ kọ àṣẹ tí ẹ fẹ́ kó tẹ̀ lé sílẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ka ohun tí ẹ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fẹ́ kọ́ yín ní èdè kan."

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni orúkọ èdè náà: R. Èdè tí ènìyàn fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ìṣirò báyìí. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo ní, "Ọ̀gá mi, orí mi ti le." Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó."

Bí Ọ̀gá Odùsànyà ṣe le tó, ti ọmọ yìí jù ú lọ. Kì í bá mi tẹ nǹkan kan. Bí mo bá sọ nù, á ká ọwọ́ mọ́ àyà, á ní, "Ẹ ka ohun tó kọ sí yín." Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé láti pa àkámọ́ dé. Kọ̀ǹpútà gbé àmì àròpọ̀ jáde, kò ṣe nǹkan mìíràn mọ́. Mo tẹ̀, mo tún tẹ̀, àmì àròpọ̀ náà ló ń gbé jáde. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́.

"Kò bàjẹ́," ni Tèmítọ́pẹ́ wí. "Ọ̀rọ̀ yín ni kò tíì parí. Ó ń dúró kí ẹ sọ ọ́ tán."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti rò pé kọ̀ǹpútà ń fi mí ṣẹ̀sín ni, àṣé etí ló ń tẹ́ sí mi. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù rẹ̀ ti ń kúrò lára mi. Nígbà tí mo tún rí i pé "eja" tí mo fi lẹ́tà kékeré kọ àti "Eja" tí mo fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà lójú R, kò yà mí lẹ́nu. Ṣebí Yorùbá ni wá. Àwa tí a mọ̀ pé igbá kì í ṣe ìgbà, tí ìgbà kì í sì í ṣe igba, kí ló tún kù tí àmì máa ṣe tó máa yà wá lẹ́nu?

Ọjọ́ tí mo rẹ́rìn-ín títí mo fi rọra nu omijé ni ọjọ́ tí mo ní kí R ṣe ìpíndọ́gba ìwọ̀n ẹja oṣù kan, tó sì kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àlàfo wà láàárín rẹ̀, nítorí náà òun kò lè sọ. Ó di dandan kí n fi ẹnu ara mi sọ fún un pé mo mọ̀ pé àlàfo wà níbẹ̀, kí ó fò ó. Tèmítọ́pẹ́ bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gá mi àtijọ́ ni mo bá pàdé."

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo ń bèèrè, mo ń bèèrè, títí èdè náà fi ń jáde lẹ́nu mi. A bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ohun tí a ti kọ láti ọdún pípẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ènìyàn ti ń ráhùn pé òbòkún inú ọ̀sà ń kéré sí i, wọ́n sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí a parí, Tèmítọ́pẹ́ ní kí n ya àwòrán gígùn ẹja láti ọdún dé ọdún. Mo kọ àṣẹ náà. Ìlà kan jáde, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń ti orí òkè bọ̀.

Tèmítọ́pẹ́ sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n pín in sí èbúté-sí-èbúté, kí a mọ ibi tí àwọn ẹja kéékèèké ti ń wá. Ibi kan ló yọ gedegbe: ẹnu omi kékeré tó wà lẹ́bàá abúlé àwọn Tèmítọ́pẹ́. Ibẹ̀ ni òbòkún ń wọlé lọ bímọ sí nígbà òjò, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń fi àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀gá mi," mo ní, "ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wa gbé èyí lọ síwájú."

"Nítorí pé ilé wa ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Màmá, bí mo bá gbé e fún ẹlòmíràn nítorí pé ilé wa ni, kí ni mo wá kọ́?"

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún wọn, èmi náà sì bá a lọ. A wọ ọkọ̀ láti Ejìnrìn. Sámúẹ́lì, àbúrò bàbá rẹ̀, ló wá fi ọkọ̀ gbé wa. Òun ló máa ń wa Tèmítọ́pẹ́ kọjá ọ̀sà lọ sílé ìwé nígbà tó wà ní kékeré, ó sì ń sọ ọ́ ní gbogbo ọ̀nà, pé ọmọ náà máa ń kígbe sí òun pé òun ò tètè wà á. Ó wo òṣùwọ̀n ọwọ́ mi, ó ní, "Ìyá, ṣé àwọn tó ń wọn ẹja ń jẹ ẹja ṣá?" Kí n tó dáhùn, ìyàwó rẹ̀ ti gbé ẹja yíyan síwájú mi.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn la ti ṣèpàdé. Tèmítọ́pẹ́ sọ ohun tí a rí, ó ní ọ́fíìsì fẹ́ kí wọ́n fi ẹnu omi yẹn sílẹ̀ nígbà òjò, kí ẹja lè bímọ kí ó sì dàgbà.  Bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Jeremáyà, dìde. Èdè Ìlàjẹ wọn ló fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

"Tèmítọ́pẹ́, ẹja tí mo pa nínú omi yìí ni mo fi rán ọ lọ sílé ìwé. Ìwé náà lo wá fi gba omi lọ́wọ́ mi?"

Tèmítọ́pẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Bí a bá ń kó ọmọ ẹja báyìí lọ, àwọn ọmọ Bùrọ̀dá Sámúẹ́lì ò ní rí nǹkan kan pa."

 Sámúẹ́lì ló pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kìkì ìgbà òjò ni wọ́n wí. Ọ̀sà tóbi. Etí òkun la ti wá, ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. A ó máa lọ pẹja níwájú." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà.

Òjò dé. Wọ́n fi ẹnu omi náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣèlérí, wọn kò sì yẹ̀ ẹ́. Bàbá Jeremáyà àti Sámúẹ́lì ń gbé ọkọ̀ alájẹ̀ wọn lọ sí àárín gbùngbùn ọ̀sà, níbi tí wọn kì í lọ tẹ́lẹ̀ nírú àsìkò yẹn. Ìjì ká wọn mọ́ ibẹ̀. Ọkọ̀ dojú dé. Bàbá rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ náà títí àwọn tó ń lọ ná ọjà Ejìnrìn fi rí i. Sámúẹ́lì kò rí nǹkan rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni omi gbé òkú rẹ̀ wá sí etí koríko.

Tèmítọ́pẹ́ ló pè mí. Ó kàn sọ pé, "Màmá, Bùrọ̀dá Sámúẹ́lì ti lọ," fóònù sì dákẹ́.

Ó lọ sílé fún ìsìnkú. Bàbá rẹ̀ kò lé e, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó padà dé, kò wá sí ọ́fíìsì. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìpakodò lọ wò ó. Yàrá rẹ̀ kò jìnnà sí èbúté, à ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń kó èrò. Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ibùsùn, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, mo tún un yẹ̀ wò. Mo yẹ gbogbo àṣẹ tí a kọ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mò ń wá ibi tí a ti ṣì í." Ó gbójú sókè. "A ò ṣì í níbì kankan. Ìṣirò náà pé. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ èyí. Gbogbo ọdún tí mo ti lò nídìí iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ìdáhùn rẹ̀. Mo gba kọ̀ǹpútà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì. Mo wá gaàrí nínú ilé rẹ̀, mo tẹ ẹ̀bà, mo jókòó tì í títí ó fi bu òkèlè díẹ̀ sẹ́nu. Lọ́jọ́ yẹn, n kò pè é ní Ọ̀gá mi. Tèmi ni mo pè é, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé.

Ó padà síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ síbòmíràn. Lẹ́yìn tí òjò ti dá, Bàbá Jeremáyà wọ ọ́fíìsì wa láìròtẹ́lẹ̀. Ó bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbé àga fún un. Tèmítọ́pẹ́ kúnlẹ̀ kí i, bàbá rẹ̀ mi orí, kò wò ó. Èmi ló kọjú sí.

"Ìyá, ẹ sọ fún un kó fi Sámúẹ́lì hàn mí."

Kò kọ́kọ́ yé mi. "Báwo, Bàbá?"

"Ó ní gbogbo bí a ṣe ń pẹja wà nínú ẹ̀rọ yìí. Ọjọ́ tí Sámúẹ́lì lọ, kó fi hàn mí níbẹ̀."

Tèmítọ́pẹ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ó wá ọjọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. 

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá."

"Kí ló dé tí kò sí níbẹ̀?"

"Ọkọ̀ tó bá dé èbúté la máa ń wọn ẹja rẹ̀. Èyí tí kò bá dé, a ò . . ." 

Bàbá Jeremáyà wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Kò bínú. Èmi náà ló tún bá sọ̀rọ̀.

"Nígbà náà, Ìyá, ẹ ò tíì kà á tán."

Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ ká gbádùn mọ́. Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà ayé Ọ̀gá Odùsànyà títí di ọjọ́ yẹn, iwájú èbúté la máa ń dúró sí, ẹni tó bá gúnlẹ̀ là ń kà. A mọ iye ẹja, a mọ gígùn rẹ̀. A kò mọ iye ènìyàn tó jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ibi tí wọ́n lọ, àti bóyá gbogbo wọn ló padà. A ti bi omi ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ó sì dá wa lóhùn dáadáa. Ìbéèrè kejì ni a kò bi í.

A padà lọ sí abúlé náà. A ní a fẹ́ máa ka ọkọ̀ tó bá jáde pẹ̀lú, kì í ṣe èyí tó wọlé nìkan, ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti jí ṣe é. Ìyàwó Sámúẹ́lì ló ní òun ó ṣe é. Ó ní òun kì í kúkú sùn mọ́ lásìkò yẹn. Láràárọ̀ ló ń dúró sí etí omi pẹ̀lú fóònù kékeré kan, ó ń tẹ ọkọ̀ tó jáde àti apá ibi tó kọrí sí ránṣẹ́ sí wa. Èmi ni mo kọ àṣẹ R tó ń fi ìjáde wé ìwọlé. Òun ni àkọ́kọ́ tí mo dá kọ láìbi Tèmítọ́pẹ́ léèrè nǹkan kan. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Màmá, ó dáa." 

Ohun tí a rí kò ṣòro láti lóye. Bí a bá ti gbogbo ẹnu omi pa nígbà òjò, àwọn alájẹ̀ ló ń lọ jìnnà jù, nínú ọkọ̀ tó kéré jù, ní àkókò tí ìjì ń jà jù. Tèmítọ́pẹ́ gbé e lọ síwájú àwọn aláṣẹ. Wọ́n jiyàn títí. Àwọn kan ní bí a bá tú u sílẹ̀ díẹ̀, ẹja ò ní pọ̀ tó bí a ṣe fẹ́. Tèmítọ́pẹ́ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, kò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣírò ìyẹn náà. Mo ṣì ń bẹ̀ yín." Níkẹyìn, wọ́n gbà pé kí apá tó sún mọ́ ilé máa wà fún àwọn alájẹ̀, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹja, kí ẹnikẹ́ni má sì fi àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́ wọ ibẹ̀ mọ́. Òbòkún tóbi sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó bí a ṣe retí. N kò ní purọ́ fún yín.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ. Ẹ kọ́ R tàbí èdè mìíràn tí wọ́n bá ń sọ lásìkò tiyín, nítorí èdè ń yí padà bí òṣùwọ̀n wa ṣe ń yí padà lójú mi. Ẹ ní sùúrù pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wá ọ̀gá tó le, kódà bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ lè bí lọ́mọ. Bí ìṣirò yín bá pé, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣì wò yíká kí ẹ mọ ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ̀yìn tì gan-an, Tèmítọ́pẹ́ tẹ àwòrán ìjáde àti ìwọlé ọkọ̀ ọdún náà sórí bébà ńlá, a sì gbé e lọ sí abúlé. Bàbá Jeremáyà jókòó sí ẹ̀bá ilé rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Láti ìgbà ìsìnkú, kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, á rán ẹnì kan sí i. Tèmítọ́pẹ́ kúnlẹ̀, a tẹ́ bébà náà síwájú bàbá rẹ̀.

"Ìyá, èwo ni ti àwọn tó jáde?" ó bi mí.

"Ìlà pupa ni, Bàbá."

"Ti àwọn tó wọlé ńkọ́?"

"Dúdú. Ó wà lábẹ́ pupa yẹn. Wọ́n bá ara wọn dọ́gba ni, ẹ ò fi rí i."

Ó fi ìka lé ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó ń tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ìgbà òjò, ọwọ́ rẹ̀ rọra ń lọ sí i, ó tẹ̀ síwájú, ó ń wá ibi tí dúdú ti máa yà kúrò lára pupa. Ìyàwó Sámúẹ́lì ti wá dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, òun náà ń wò ó. Ìka náà kọjá ìgbà òjò. Ó dé òpin bébà. Kò rí ibi tí wọ́n ti yà.

Ó ká bébà náà, ó gbé e fún ìyàwó àbúrò rẹ̀. Ó wá gbójú sókè wo Tèmítọ́pẹ́, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Tèmi," ó ní, "ṣé o ti jẹun?"